Òógùn igi: bí ewé ṣe ń dá òjò padà sókè

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní oko kòkó lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n máa ń sọ pé igi ló ń pe òjò, èmi rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni, àfìgbà tí mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ni mo rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òótọ́ tán. Ibi tó kù díẹ̀ ni pé igi ò ní omi tiẹ̀. Òjò tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń dá padà sókè.

Transpiration làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, èmi á pè é ní òógùn igi. Gbòǹgbò á fa omi nínú ilẹ̀, omi yẹn á gba inú igi gòkè dé ewé, abẹ́ ewé sì ní àwọn ihò tíntìntín tójú lásán ò lè rí, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́ bí oru. Tẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ mú ọ̀rá funfun tí ò lu, ẹ fi bo ẹ̀ka kòkó tó léwé dáadáa láàárọ̀, ẹ so ẹnu ẹ̀ pa, kẹ́ ẹ padà wò ó lọ́sàn-án tóòrùn bá mú. Omi á ti wà nínú ẹ̀. Ẹ̀ka kan ṣoṣo nìyẹn o! Igi ńlá inú igbó lè làágùn tó 100 lítà lójúmọ́, òmíì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ńlá mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí inú igbó fi ń tutù, kì í ṣe òjìji nìkan, omi tó ń gbẹ lára ewé ń gbé ooru lọ ni, bí aṣọ tútù ṣe ń ṣe lára ẹni tó ní ibà.

Àmọ́ oru nìkan ò tó, ó nílò nǹkan tó máa dì mọ́. Ẹ wo ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì, omi tó ń sun lára ẹ̀ ò ti inú ìgò wá, inú afẹ́fẹ́ ló wà, ó kàn ríbi tútù bà lé ni. Lójú ọ̀run, eruku, èéfín àti iyọ̀ òkun ló ń ṣiṣẹ́ ìgò yẹn. Igi náà ń kó tiẹ̀ wá, apá yìí ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ fún ewé ọsàn lọ́wọ́, ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ làwọn ewé igbó ń tú sáfẹ́fẹ́, pàápàá tóòrùn bá mú, tó bá dé òkè á yí padà, á di ẹ̀rún tó kéré gan-an, oru omi á dì mọ́ ọn, bí àwọsánmà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan irú ẹ̀kán kékeré yẹn ló ń pa pọ̀ di ẹ̀kán òjò kan.

Òjò tiwa l'Ékìtì, afẹ́fẹ́ òkun ló ń gbé e bọ̀ láti gúúsù, á gba orí Oǹdó àti Ọ̀ṣun kó tó kan òkè Ẹ̀fọ̀n, tó bá kan òkè á gun un, á tutù, á ṣú. Lójú ọ̀nà yẹn, tó bá rọ̀ sórí igbó, igi á fa omi yẹn, á làágùn ẹ̀ padà, afẹ́fẹ́ á tún gbé e. Tó bá rọ̀ sórí páànù àti títì ọ̀dà, gọ́tà ló máa gbà lọ sódò. Nínú òjò tó ń rọ̀ sórí ilẹ̀ kárí ayé, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé bíi 40 nínú 100 ló jẹ́ omi tó ti orí ilẹ̀ gòkè.

Ká má sọ àsọdùn ṣá, tá a bá gé igi lónìí òjò ò ní dáwọ́ dúró lọ́la. Kódà, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á ròkè, àwọsánmà lè pọ̀ sí i níbẹ̀, ìjì lè le sí i. Ìgbà tí igbó bá tán lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ rẹpẹtẹ ni òjò ń dínkù, ó sì lè má jẹ́ ẹni tó gé igi ló máa jìyà ẹ̀, ará iwájú níbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ ni.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, a jẹ pé à ń jẹ àwọn ará Oǹdó ní gbèsè omi, àwọn ará Kogí náà sì ń jẹ wá. Wọ́n ní ta ló máa lọ bá wa gba owó ẹ̀.