Ìlọ́po Méjì Kí Ni?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ kókó inú ìwé sáyẹ́ǹsì ló rò pé iṣẹ́ sísọ́ọ̀sì ni. Wọ́n á gbé ìwé olójú ewé 40 kalẹ̀, wọ́n á gé díẹ̀ nínú ìfáàrà, díẹ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, díẹ̀ nínú àbájáde, ó di ojú ewé kan. Ẹni tó kà á tán ò ní rí nǹkan dì mú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, láti ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀: kí ni wọ́n rí? Ara ta ni wọ́n ti rí i? Ó tó mélòó? Ó dá wọn lójú tó? Orúkọ ẹ̀rọ àti ìtàn àwọn tó ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n jókòó sínú ìwé, ẹnikẹ́ni ò lé wọn.

"Ó tó mélòó" yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ní oṣù Kẹwàá 1995, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ààbò oògùn ní Ìlú Ọba kọ̀wé sí àwọn dókítà àti apòògùn pé irú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan tó dé kẹ́yìn ń sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìròyìn gbé e, àyà àwọn obìnrin já, ọ̀pọ̀ da oògùn nù. Wọ́n fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales lọ́dún tó tẹ̀ lé e fi nǹkan bí 13,000 pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ oyún fúnra rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ju oògùn náà lọ!

Ohun tí ìwádìí rí nìyí: nínú obìnrin 7,000 tó ń lo oògùn àtijọ́, bí ẹnì kan ni ẹ̀jẹ̀ dì lára rẹ̀. Nínú 7,000 tó ń lo tuntun, ó di ẹni méjì.

Àrokò ni kókó tí wọ́n ń kọ látinú ìwé. Láyé ijọ́un, ẹni tó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ti sọ pé ọkàn òun fà sí i. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Ẹ̀fà, fà, ẹ̀jọ, jọ. Ìdì kékeré, ọ̀rọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ló máa kà, á sì ná an. "Ìlọ́po méjì" yé dókítà tó ti mọ̀ pé ẹnì kan nínú 7,000 ni wọ́n ti ń kà á bọ̀. Ìyá tó ń gbọ́ rédíò nílé ò mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 2008, wọ́n ṣe àfikún sí ìlànà CONSORT, tí àwọn tó ń dán ìtọ́jú wò ń tẹ̀ lé tí wọ́n bá ń kọ ìròyìn rẹ̀, fún àkékúrú ìwádìí nìkan, ìyẹn kókó tó máa ń ṣíwájú ìwé. Ó ní kí wọ́n kọ àbájáde ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tó bá rí 1 àti 2 nínú 7,000 á ṣírò ìlọ́po méjì fúnra rẹ̀, ẹni tó rí ìlọ́po méjì nìkan ò lè ti ibẹ̀ dé 7,000 láéláé.

Wọ́n á ní àyè ò gbà á. "Nínú obìnrin 7,000, ẹni 2 dípò 1." Ọ̀rọ̀ méje ni.