Kí ni oníṣòwò ọkọ̀ bọ̀gìnnì ń wá nídìí ọkọ̀ kékeré?

Ìbéèrè: Àwọn tó ń ta ọkọ̀ ńlá tẹ́lẹ̀, kí ló gbé wọn débi hatchback (ọkọ̀ kékeré tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè) àti jíìpù kékeré?

Oníbàárà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nígbà tí owó ò tíì pọ̀, ìrètí wọn ni pé ọ̀dọ̀ wọn náà ni yóò ti ra ńlá nígbà tí owó bá dé. Òfin tún wà níbẹ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń ro èéfín gbogbo ọkọ̀ tuntun tí iléeṣẹ́ kan tà pọ̀, wọ́n á wá pín in sórí iye ọkọ̀ náà. Láti 2020 sí 2024, gíráàmù 95 ní kìlómítà kan ni òdiwọ̀n àpapọ̀, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá kọjá ìwọ̀n tirẹ̀ yóò san Yúrò 95 lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan, fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó tà. Ọkọ̀ kékeré tí kì í mu epo ló ń bá wọn fa ìṣirò yẹn wálẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní sọ orúkọ wọn di yẹpẹrẹ?

Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ mi ò di ẹ̀bi rẹ̀ ru kíkéré. Cimarron tí Cadillac gbé jáde fún ọdún 1982, Chevrolet Cavalier, ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, ni wọ́n wọ ẹ̀wù fún. Àwọn oníbàárà ò fọ́jú. Nígbà tó di 1988, wọ́n pa á tì. Aston Martin náà dán an wò ní 2011 pẹ̀lú Cygnet: Toyota iQ ni, wọ́n fi awọ gidi tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n gbé imú Aston lé e níwájú, wọ́n sì ń tà á ju ìlọ́po méjì owó iQ lọ. Kò ré kọjá 2013. (Kí n má purọ́, ó wù mí í wò. Wíwò lọ̀tọ̀, ríra lọ̀tọ̀.)

Bẹ́ẹ̀ Audi A3 ti 1996 náà bá Volkswagen Golf pín egungun, ẹnikẹ́ni ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Audi ló kọ́kọ́ fi egungun yẹn rìn. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Golf tuntun tó bọ́ sórí rẹ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, kí wọ́n máa tà á, bí wọ́n bá ti lè ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé orúkọ òun ló wà lára rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé Mercedes kékeré kan dojú dé?

Òótọ́ ni. Lọ́dún 1997, àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Swídìn ń dán A-Class wò bóyá ó lè yà fún ẹranko tó já lu títì, ló bá dojú dé. Mercedes dá títà rẹ̀ dúró, wọ́n sì fi ESP sínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Ọkọ̀ ńlá ló sábà máa ń ní in nígbà náà.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí jíìpù kékeré fi ń gba ipò hatchback?

Èrè ni. Inú A-Class náà ni GLA, jíìpù kékeré Mercedes, ti jáde. Wọ́n gbé e sókè díẹ̀, owó rẹ̀ sì gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2022, Mercedes ní irú ọkọ̀ kékeré méje tí àwọn ń ṣe yóò di mẹ́rin. Audi náà ní A1 kò ní ní àrólé.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí wọ́n kàn lẹ àmì mọ́?

Wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré. Lexus LBX, bí àpẹẹrẹ, orí ìpìlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Toyota Yaris Cross ni wọ́n kọ́ ọ lé. Wọ inú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, fọwọ́ kan ike tó wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú kì í dé, kí o sì wà á lórí títì tí kò dán.