Bí ìró ṣe ń tú àṣírí ibi tí àgbá wà

Ẹni tó bá dúró ní nǹkan bí 170 mítà síbi tí wọ́n ti ń gúnyán l'Ọ́mù-Àrán á rí i pé ojú ń ṣáájú etí. Ọmọ odó á ti balẹ̀, wọ́n á ti máa gbé e sókè, kí "gbì" tó dé. Kíá ni ìmọ́lẹ̀ ń dé. Ìró ní tirẹ̀ ń rìn ni: bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìdádúró yìí ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń wá àgbá (ìbọn ńlá) àwọn ọmọ ogun Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àgbá náà fara pamọ́ sẹ́yìn òkè, kò sẹ́ni tó ń rí iná ẹnu rẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àáyá. Etí ni wọ́n wá fi wé etí.

Ká ní ẹnì kan wà ní ibùdó rélùwéè Ọ̀ffà, ẹnì kejì ní ọjà Owódé, ẹnì kẹta lójú ọ̀nà Ìjàgbó, tí ọdẹ kan yin ṣakabùlà nínú igbó. Bí ti rélùwéè bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú ti ọjà gbọ́ ọ, ọdẹ yẹn fi 340 mítà sún mọ́ rélùwéè ju ọjà lọ. Ibi tó bá èyí mu pọ̀, àmọ́ gbogbo wọn tò sórí ìlà kan tó tẹ̀ bí ọrun. Ti ọjà àti ti Ìjàgbó á fúnni ní ọrun mìíràn. Ibi tí ọrun méjèèjì ti pàdé ni ọdẹ wà. Kò kan ẹnikẹ́ni ìgbà tó yìnbọn.

Lórí ìwé, ó rọrùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá àáyá tí èèyàn bá fi ṣì í, 34 mítà ti bá a lọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìgbà náà pàápàá, ariwo ọta tó ń sáré kọjá ló ń gbọ́ dáadáa, kì í ṣe àgbá gan-an. William Lawrence Bragg, onímọ̀ físíìsì tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti 1915 (ọdún tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn Nobel, ọmọ ọdún 25 ni), ilé ìyàgbẹ́ ló ti rí ojútùú. Bí àgbá bá ti dún, afẹ́fẹ́ á ti ojú ihò wá, á sì gbé e díẹ̀ lórí ìjókòó. Ọ̀pọ̀ nínú ìró àgbá ló rẹlẹ̀ ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ.

Ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Tucker náà ṣàkíyèsí pé atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí òun lójú láti inú ihò ara ògiri nígbàkigbà tí àgbá bá dún. Ó na wáyà tín-ín-rín kan tí iná mànàmáná ń mú gbóná sójú ihò àpótí. Afẹ́fẹ́ àgbá á fẹ́ ẹ, wáyà á tutù, iná inú rẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ tàbí ìbọn kékeré kò dà á láàmú. Mẹ́fà irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń tò.

Ojú ọjọ́ ló kù. Lówùúrọ̀ ọyẹ́ tó tutù tó 18°C, ìró ń rìn bí 342 mítà. Nínú ooru 35°C, ó tó 352. Ẹni tí kò bá ro èyí mọ́ ọn á ju ọta sóko olóko. Afẹ́fẹ́ tútù ilẹ̀ tún máa ń tẹ ìró wálẹ̀ lóru, òun ló ń jẹ́ kí ìpè àsùbáà mọ́sáláṣí tó jìnnà wọlé dáadáa n'Ílọrin. Atẹ́gùn tó bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ olùgbọ́ lọ sọ́dọ̀ àgbá, ńṣe ló ń gbé ìró gba orí olùgbọ́ kọjá. Lójú ogun Faransé, ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń ti wá, ó ń kó ìró àgbá Gẹ̀ẹ́sì lọ bá àwọn Jámánì.