Máńgòrò tútù nínú ilé: yíyàn, gígé àti ìpamọ́ rẹ̀ ní Èkìtì

Máńgòrò (Mangifera indica) jẹ́ igi eléso nínú ìdílé Anacardiaceae, ìdílé kan náà tí kajú àti ìyeyè wà. Gúúsù Éṣíà, ní agbègbè Íńdíà, Bangladesh àti Myanmar, ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti di ará ilé nílẹ̀ Yorùbá. Ní Èkìtì, ìdí máńgòrò ni ibòji ọ̀pọ̀ agbolé àti ọgbà ilé ìwé. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí èso tútù láti ìgbà tó bá ti kúrò lórí igi títí tí yóò fi dé ẹnu. Kì í ṣe òro (Irvingia) ni à ń sọ, igi tí a ti ń rí ààpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀. Èso méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìdílé kan náà.

Àsìkò àti irú rẹ̀

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni máńgòrò ń yọ òdòdó, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ní Èkìtì, èso àkọ́kọ́ sábà máa ń dé ọjà ní nǹkan bí oṣù Kẹta. Ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ó máa ń kún àtẹ fọ́fọ́, lẹ́yìn náà a máa dínkù bí òjò bá ti ń rinlẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ lásìkò òdòdó, òdòdó á dúdú, á rẹ̀ dànù, èso ọdún yẹn kì í sì í pọ̀. Yàtọ̀ sí ti agbolé, wọ́n tún ń kó máńgòrò wá láti Kogi àti Benue, èyí sì ti rin ìrìn àjò gidi kí oníbàárà tó fojú kàn án.

Orúkọ irú máńgòrò máa ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, nítorí náà ìrísí ṣeé gbára lé ju orúkọ lọ. Òpíòrò gùn, okùn sì pọ̀ nínú ẹran ara rẹ̀. Máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú tí òkìkí máńgòrò rẹ̀ kàn. Èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní kẹrosíìnì ní òórùn líle lára èèpo. Àwọn èròjà olóòórùn tí igi fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí à ń pè ní terpene, ló fa òórùn náà, kì í ṣe pé epo dà sí i. Lára àwọn máńgòrò òyìnbó, Kent, Keitt àti Tommy Atkins wá láti Florida ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tóbi, okùn wọn kò sì tó nǹkan.

Gbígbó àti pípọ́n

Èdè Yorùbá ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tó jẹ́ pé orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yíyan máńgòrò dúró lé: gbígbó àti pípọ́n. Èso tó gbó ni èyí tó ti dàgbà tán lórí igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì le bí òkúta. Èso tó pọ́n ni èyí tí ara rẹ̀ ti rọ̀, tó ti dùn, tó sì ń ta sánsán. Bí a bá já máńgòrò tó gbó, yóò pọ́n nínú ilé fúnra rẹ̀, nítorí pé sítáàṣì tó ti kó pamọ́ sínú ara ni yóò di ṣúgà. Èyí tí kò gbó kò ní ohun tí yóò yí padà. Bí a tilẹ̀ gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò kàn hunjọ ni, ẹnu á sì máa kan ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ máńgòrò tí wọ́n ń sọ pé ó “bàjẹ́ sílé” kò bàjẹ́ sílé rárá. Àìgbó ló bá a wá.

Èjìká èso ni àmì tó dájú jù lọ. Lára èyí tí kò gbó, èjìká máa ń dà sílẹ̀ láti ìdí, ìyẹn ibi tí èso ti so mọ́ igi. Bí ó bá ti gbó, èjìká á gbé sókè, ìdí náà á wá dà bí ẹni pé ó rì sínú kòtò kékeré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì á kún, àwọn tóótòòtó ara èèpo á sì tóbi sí i. Ìwúwo náà ń sọ̀rọ̀: nínú méjì tó tóbi bákan náà, èyí tó wúwo ló sábà máa ń gbó jù. Bí a bá kó wọn sínú omi, èyí tó gbó sábà máa ń rì, èyí tí kò gbó á léfòó, ṣùgbọ́n àdánwò yìí kò rí bákan náà fún gbogbo irú.

Àwọ̀ ni àwọn èèyàn ń gbára lé jù, òun gan-an ló sì ń tan èèyàn jù. Oòrùn àti irú igi ló ń fa àwọ̀ pupa lára èèpo, kò sí ohun tó kan pípọ́n níbẹ̀. Keitt lè pọ́n tán kí èèpo rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ẹni tó mọ èso rà ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì kì í fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ máńgòrò. Yóò gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, yóò rọra fi gbogbo ìka dì í mú, yóò yí i wo, lẹ́yìn náà yóò gbé ìdí rẹ̀ sí imú. Bí òórùn dídùn bá ń jáde níbẹ̀, ó ti pọ́n. Bí ó bá ń rùn bí ẹmu tó ti kan, ó ti kọjá àsìkò. Bí kò bá rùn rárá tó sì le, ó ṣì ku ọjọ́ mélòó kan. Ìyá ọlọ́jà tó ń bínú sí oníbàárà tó ń tẹ èso kò ṣàṣejù: ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ náà, ó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kó tó dúdú, orí ọlọ́jà ni àdánù náà sì máa ń já lé.

Àbàwọ́n tó yẹ kí a mọ̀

Kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n ló burú. Ìlà dúdú tó ṣàn láti ìdí wá sísàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ojú oje tó jó èèpo, inú èso bẹ́ẹ̀ lè dára pátápátá. Àmì dúdú roboto tó ń tẹ̀ wọnú jẹ́ iṣẹ́ Colletotrichum, olú tín-ín-tìn-ìn-tín tí òjò ń tàn kálẹ̀. Bí wọn kò bá pọ̀, a lè gé wọn kúrò. Ìdí tó dúdú tó sì rọ̀ múlọ́múlọ́ jẹ́ àmì ìrà tó ti wọnú, irú èyí kò ṣeé rà. Ihò kékeré tí omi ń sun níbẹ̀ lè jẹ́ ojú ibi tí eṣinṣin èso ti yé ẹyin sí. Èyí tó gbajúmọ̀ jù báyìí ni Bactrocera dorsalis láti Éṣíà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kenya, ní 2003. Ìdin rẹ̀ ni à ń bá nínú èso tó dán gbinrin lóde.

Oje ìdí

Bí a bá ṣẹ́ máńgòrò tó gbó kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, oje máa ń fọ́n jáde lójú ẹsẹ̀, ó mọ́ gaara ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Oje yìí ń jó èèpo èso, ó sì ń bó ẹnu. Egbò tó máa ń yọ sí igun ẹnu àwọn ọmọdé lásìkò máńgòrò, oje yìí ló sábà máa ń fà á, nítorí pé eyín ni wọ́n fi ń ṣí ìdí èso láìfọ̀ ọ́. Àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀ jọ èyí tó wà nínú èèpo kóró kajú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ti kajú yẹ kó ṣọ́ra, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun bó máńgòrò.

Líle òkò mọ́ máńgòrò, bí ọmọdé ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, ló ń ba èso jẹ́ jù. Ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́ àti àpò lórí ló dára. Kí a fi ọ̀pá èso tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lára rẹ̀ kí oje má baà tú. Bí a bá gé e kúrú, kí a dojú ìdí kodò fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí oje yóò fi dá, kí a tó fọ̀ ọ́.

Mímú un pọ́n, àti ọ̀rọ̀ kábáídì

Máńgòrò fúnra rẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, ethylene, tó ń mú kó pọ́n. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá rì í sínú àpò àgbàdo tàbí ìrẹsì ni pé wọ́n ń sé afẹ́fẹ́ náà mọ́ ọn lára. Apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ìwé ìròyìn sí náà ń ṣiṣẹ́, ó sì tún máa ń yá bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n bá wà láàárín wọn. Ọ̀rá tí a dì pinpin kò dára: omi á sun sínú rẹ̀, olú á sì hù.

Àwọn kan ń lo kábáídì, òkúta tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, ó ń tú acetylene jáde, èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi ti ethylene. Ewu ibẹ̀ ni pé kábáídì tó wà lọ́jà sábà máa ń ní arsenic àti phosphorus díẹ̀ nínú, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra. Èso bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pọ́n yòò yíká, kí inú rẹ̀ sì le, kó kan, kó má sì ta sánsán. Àmì wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú tán, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá pé sára èso kan, ó yẹ kí a fura.

Fífọ̀ àti gígé

Omi tó mọ́ tó ń ṣàn tó, kò gba ọṣẹ. Kí a fọ̀ ọ́ bí a tilẹ̀ máa bó o, nítorí pé ọ̀bẹ ń gbé ìdọ̀tí èèpo wọnú ẹran ara. Kóró máńgòrò pẹlẹbẹ, ó sì dojú kọ ibi kan náà tí èso fúnra rẹ̀ pẹlẹbẹ sí. A ó dá èso dúró lórí pákó kí ìdí rẹ̀ wà lókè, a ó fi ọ̀bẹ gba ẹ̀gbẹ́ kóró wálẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á bọ́ sọ́wọ́, a ó ṣe èkejì bákan náà. A lè fi ọ̀bẹ la ẹran ara ní ìbú àti òòró láìdá èèpo, kí a wá fi ṣíbí gbá a jáde. Òpíòrò kò yẹ fún èyí, okùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ já geere. Fífọwọ́ pò ó kí a sì fa omi rẹ̀ mu ló bá a mu jù.



Ìpamọ́

Máńgòrò tí kò tíì pọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì. Bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ nǹkan bí 13°C, èèpo rẹ̀ á di eléérú, kò sì ní pọ́n dáadáa mọ́ kódà bí a bá gbé e jáde. Bí ó bá ti pọ́n tán, fíríìjì lè pa á mọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Èyí tí a ti gé kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, nínú oòrùn ọ̀sán Èkìtì kó tilẹ̀ má ju wákàtí kan. Nínú abọ́ tó ní ìdérí, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì. Nínú fírísà ó lè lo oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí yìnyín bá yọ́ kúrò lára rẹ̀, ó ti rọ̀ jù fún jíjẹ lásán. Kí a lọ̀ ọ́ mu.

Níbi tí iná kò ti dúró, ìkòkò amọ̀ méjì ṣeé lò. A ó gbé kékeré sínú ńlá, a ó rọ iyanrìn sáàárín wọn, a ó máa bomi rin iyanrìn náà, a ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi bá ti ń gbẹ lára ìkòkò òde ni inú ń tutù. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ láti Jigawa, gba ẹ̀bùn iléeṣẹ́ aago Rolex ní 2000 nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí rẹ̀. Ìṣàn-Èkìtì tí wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ kò sì jìnnà sí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ìkòkò yìí gbẹ́kẹ̀ lé. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún máńgòrò oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n bí òjò oṣù Karùn-ún bá ti dé tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, ìtutù rẹ̀ máa ń dínkù púpọ̀. Láti ìgbà náà lọ, pípín in ká inú apẹ̀rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ọ̀kan má gun orí èkejì, kí a sì máa ṣà á lárààárọ̀, ló kù láti ṣe.