Ìṣirò Tí JAMB Kì í Béèrè Lọ́wọ́ Ẹni Tó Fẹ́ Di Dókítà

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Nàìjíríà tó ti da ọ̀nà rú mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lójú: wọ́n ní ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kò nílò Ìṣirò, nítorí pé JAMB kò ní bi í. Òótọ́ ni pé JAMB kò ní bi í. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni yóò ṣe níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 100, àpapọ̀ rẹ̀ 400. Àmọ́ ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe gbogbo ilé.

Ẹnu-ọ̀nà méjì ni ilé náà ní, ohun tí oníbodè méjèèjì sì ń béèrè yàtọ̀ síra. Oníbodè àkọ́kọ́ ni WAEC tàbí NECO. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ iṣẹ́ náà débi tó yẹ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wo kírẹ́díìtì, èyíinì C6 sókè, nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí a dárúkọ lókè àti Ìṣirò. D7 kì í ṣe ìkùnà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e wá síbi ìṣègùn dà bí ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo. JAMB, oníbodè kejì, ń wá ẹni tó ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, torí pé àyè ìṣègùn kéré púpọ̀ sí èrò tó ń tọrọ rẹ̀.

Ọgbọ́n wà nínú pípín tí wọ́n pín iṣẹ́ náà báyìí. Kò di dandan kí dókítà mọ Ìṣirò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí Ìṣirò ń bà lẹ́rù. Bí ọmọ tó wọn kílò 12 bá ní láti lo Paracetamol ní mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, 180 ni yóò jẹ́. Bí oògùn olómi tó wà nílẹ̀ bá sì ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 ni wọn yóò fún un. Ẹni tó bá ṣi ìṣirò yìí ṣe, ara ọmọ ni yóò ti hàn.

Àwọn mìíràn tún máa ń ṣe òdìkejì àṣìṣe yìí: wọ́n á fi Ìṣirò rọ́pò Físíìsì nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ì báà gba 320, ìṣègùn kò ní gbà á wọlé, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ṣe ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo máàkì.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé SS1 ni wọ́n ti ń yan gbogbo èyí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò tíì ju ọdún 14 tàbí 15 lọ. Ẹni tó bá bọ́ sí kíláàsì àwọn oníṣẹ́ ọnà (Arts) lè padà gba ọ̀nà GCE, ìyẹn ìdánwò WAEC fún àwọn tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ mọ́, wọlé, ṣùgbọ́n Kẹ́mísírì WAEC ní ìdánwò àfọwọ́ṣe, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ti ń wọn omi kíkan pẹ̀lú ohun èlò gíláàsì; orí ìwé ni wọ́n ti ń bi oní-GCE nípa rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ kì í sábà ní yàrá àyẹ̀wò tí yóò ti fi í kọ́ra.