Ẹ yé di ẹ̀bi ru “yá”

Iṣẹ́ títẹ lẹ́tà ni mò ń ṣe ní Àgbowó, níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí oṣù tí n kì í tẹ lẹ́tà ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, “borrow me” kì í sì í wọ́n nínú rẹ̀. Mo máa ń tún un ṣe ni, n kì í bínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni àlàyé tí àwọn tó jókòó de fọ́tòkọ́pì máa ń ṣe lé e lórí: “Èdè wa ló fà á. Yorùbá ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà. Yá náà ni gbogbo ẹ̀.”

Pé “borrow me” kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì iléèwé, ìyẹn ò le. Ẹni tó gbà ló borrow, ẹni tó fúnni ló lend. Ká kúrò níbẹ̀.

Pé Yorùbá ò mọ ìyàtọ̀ ni n kò gbà. Ẹ lọ sí Bódìjà lọ́la, kí ẹ sọ fún ìyá oníṣu pé “mo yá Àlàbá lówó”, kí ẹ tún sọ pé “mo yá owó lọ́wọ́ Àlàbá”. Wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ló jẹ ta ní gbèsè. “Ní” (tó wà nínú “lówó”, ìyẹn “ní owó”) àti “lọ́wọ́” ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún, tó sì tún fi to àti from tì í lẹ́yìn, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tán tó tún gbé òkúta tì í. Àwọn ará Jámánì náà, leihen kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. David Hinderer, òjíṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, tó wá tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì n’Ìbàdàn níbí ní 1853, ọmọ Jámánì ni. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èdè tirẹ̀ ò pé.

Ibi tí wọ́n sì ń fojú fò rèé. Ìyá mi àgbà kì í yá iyọ̀. Wọ́n ń wín in ni. Bí o bá gba ọkọ́ aládùúgbò, ọkọ́ yẹn gan-an lo máa dá padà: o yá a. Bí o bá gba iyọ̀ ṣíbí kan, o ti jẹ ẹ́, irú ẹ̀ lo máa san: o wín in. Owó náà, wíwín ni, torí náírà tí o ná kọ́ lo máa dá padà. Gẹ̀ẹ́sì ń borrow ọkọ́, ó ń borrow iyọ̀. Ta wá ni ò mọ ìyàtọ̀? Bí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní “wín”, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó ń pọfọ̀.

N kò fẹ́ ṣe àsọdùn ṣá. Òwe ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Owó sì ni ẹgbẹ̀fà. Àwọn àgbà fúnra wọn ti ń yá owó tipẹ́, nítorí náà ààlà tí mo fà yẹn lè má le tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ méjì ló ń dà wá láàmú, “kọ́” ńkọ́? Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ẹ̀kọ́, síbẹ̀ n kò rántí ìgbà tí ẹnì kan kọ “learn me” wá fún mi tẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́. Ó wà nínú Sáàmù 119, nínú Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662. Kí ló dé tí èdè wa fa ọ̀kan tí kò fa èkejì? Fọ́tòkọ́pì wọn ti máa ń jáde tí mo bá dé ibẹ̀ yẹn.

Ó ṣeé ṣe kí “yá mi” lọ́wọ́ sí “borrow me”. Wọ́n jọra, n kò lè sẹ́. Àìpé èdè ni kí wọ́n má pè é.

Ẹ sì ṣọ́ra, torí ẹni tí wọ́n ti fi “borrow me” nà níléèwé lè máa sá fún borrow pátápátá. Bàbá kan kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ wọn pé àwọn fẹ́ lend them náírà 200,000. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ní in lọ́wọ́?” Wọ́n ní bí àwọn bá ní in, kí làwọn ń wá níbí. Mo pa á rẹ́, mo tẹ borrow from sí i. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà títí, wọ́n ní, “Ṣé borrow tí wọ́n ní kò da yẹn kọ́ lo tún kọ síbẹ̀?”