Ta ni wọ́n yìnbọn pa níwájú ilé sinimá Biograph?

Títí di òní, àwọn kan ṣì ń jiyàn pé John Dillinger, adigunjalè tó da àwọn báńkì Amẹ́ríkà láàmú, kò kú ní Chicago lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1934. Wọ́n ní ẹlòmíì tó jọ ọ́ ni àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ yìnbọn pa, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ́wọ́, àti pé Dillinger fúnra rẹ̀ lọ fi orúkọ mìíràn gbó síbì kan. Ìtàn náà dùn, àmọ́ irọ́ ni.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ò ṣòro rí. Láàárín 1930 sí 1933, báńkì bí 9,000 ló kógbá wọlé ní Amẹ́ríkà, owó mẹ̀kúnnù sì bá a lọ. Nígbà tí ẹnì kan wá ń fi ìbọn gbowó lọ́wọ́ báńkì, ọ̀pọ̀ ò bá báńkì kẹ́dùn. Ọkùnrin náà tún mọ bí wọ́n ṣe ń sá. Ní oṣù Kẹta 1934, ó jáde lẹ́wọ̀n Crown Point ní Indiana, ó ní ìbọn tí òun fi igi gbẹ́ lòun fi dẹ́rù bà wọ́n, ó sì wa ọkọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kú sí ẹnu ọ̀nà ilé sinimá? (Àwọn tó ń pọ́n ọn lé kì í sábà dárúkọ William O'Malley, ọlọ́pàá tí wọ́n pa níbi tí wọ́n ti ja báńkì East Chicago lólè.)

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń gbé jáde ni ojú òkú náà. Wọ́n ní kò jọ tirẹ̀, wọ́n tún ní ìwé àyẹ̀wò òkú kọ àwọ̀ ẹyinjú tó yàtọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Dillinger ti sanwó fún dókítà ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà kó bá òun tún ojú ṣe, ó kun irun rẹ̀, ó sì dá irunmú sí. Ọta ìbọn tún gba ẹ̀yìn ọrùn wọlé, ó gba abẹ́ ojú ọ̀tún jáde. Ojú wo ló fẹ́ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?

Ìka ọwọ́ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Dókítà yẹn fi ásíìdì jó orí ìka rẹ̀ kí ìtẹ̀ka lè pa rẹ́, ìyà lásán ló sì jẹ. Ìlà orí ìka kì í ṣe ohun tó wà lójú awọ nìkan; ìsàlẹ̀ ló ti ń hù wá. Bí ásíìdì ò bá jó dé ìsàlẹ̀ yẹn, bí egbò bá ti ń jinná, ìlà àtijọ́ náà ló ń padà wá. Ìtẹ̀ka rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìjọba, torí ó ti lo bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́wọ̀n lórí bàbá olóúnjẹ kan tó dá lọ́nà ní Mooresville lọ́dún 1924. Èyí tí wọ́n gbà lára òkú bá a mu. Audrey ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, náà dá òkú rẹ̀ mọ̀.

Wọ́n máa ń ní Jimmy Lawrence kan ló kú dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, orúkọ tí Dillinger ń jẹ́ ní Chicago nìyẹn. Òun ni Polly Hamilton, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ wo sinimá, mọ̀ ọ́n sí. Ẹnì kẹta wọn, Anna Sage, ló tú àṣírí rẹ̀, nítorí ìjọba fẹ́ dá a padà sí Romania. Wọ́n fún un ní $5,000, wọ́n sì tún dá a padà ní 1936. “Obìnrin aláṣọ pupa” tí gbogbo ayé ń pè é gan-an, síkẹ́ẹ̀tì olómi ọsàn ló wọ̀. Iná ilé sinimá ló sọ ọ́ di pupa.

Ó ku sàréè. Bàbá rẹ̀ da kọnkéré àti àlòkù irin lé e lórí ní Crown Hill, Indianapolis, kí àwọn olè má baà jí òkú ọmọ rẹ̀ gbé, àwọn onírọ́ sì ní nǹkan ló ń fi pamọ́. Ní 2019, àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí fẹ́ kí wọ́n hú u wò, àwọn tó ni ibi ìsìnkú kọ̀, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní oṣù Kejìlá. Kọnkéré náà ṣì wà níbẹ̀.